Bílọ́ọ̀kù kò lẹ́nu: ìtàn ìwé tó ń sọ bí ilé ṣe gbọdọ̀ le tó

Thread gígùn ni ti alẹ́ yìí, ẹ yáa po gààrí yín sílẹ̀. 🧵

Ìtàn ilé kíkọ́ ni. Ogun máa yọjú díẹ̀, àmọ́ kì í ṣe ìtàn ogun. Ìbéèrè kan ni mo ń tẹ̀lé: ta ló kọ́kọ́ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, kí wọ́n fi nọ́ńbà sí i, bí sìmẹ́ńtì ṣe gbọdọ̀ lágbára tó? Kí ló fà á tí wọ́n fi nílò ìwé bẹ́ẹ̀, nígbà tí àwọn baba ńlá wa kọ́lé tí wọ́n gbé, tí wọn ò kọ nǹkan kan sílẹ̀?

Àwọn ẹnjiníà ń pe ìwé yẹn ní spec. Èmi á máa pè é ní ìwé ìlànà iṣẹ́.

Ìjàyè la ti máa bẹ̀rẹ̀. Ìjàyè Òrílé, ní Akínyẹlé, lójú ọ̀nà Moníyà sí Ìsẹ́yìn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti gba ọ̀nà yẹn láìpẹ́ yìí, ẹ ti rí i: òkìtì yanrìn lọ́tùn-ún, bílọ́ọ̀kù tí wọ́n tò sínú oòrùn lósì, ilé tí wọ́n kọ́ dé líńtẹ́ẹ̀lì tí koríko ti gba inú rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti tún ọ̀nà kìlómítà 65 yẹn ṣe, tí reluwé láti Èkó sì dé Moníyà ní 2021, gbogbo èèyàn ló ń wá ilẹ̀ lápá ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká padà sí 1854. Ìjàyè ìgbà yẹn kì í ṣe abà o. Ìlú ńlá ni, ìlú Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Ọdún yẹn ni òyìnbó Amẹ́ríkà kan, Thomas Jefferson Bowen, kọ́ ilé ìjọsìn síbẹ̀, òun sì ni ilé ìjọsìn Onítẹ̀bọmi àkọ́kọ́ ní gbogbo ilẹ̀ tí à ń pè ní Nàìjíríà lónìí. (Bowen yìí náà ló kọ gírámà àti ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá tí Smithsonian tẹ̀ jáde ní 1858. Thread ọjọ́ míì nìyẹn.)

Ìlú tí Bowen bá, ìlú amọ̀ ni. Báwo ni wọ́n ṣe ń mọlé nígbà náà? Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni. Wọ́n á gbẹ́ ilẹ̀ pupa, wọ́n á bu omi sí i, wọ́n á fẹsẹ̀ pò ó, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó rọ̀, wọ́n á tún padà wá pò ó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá mọ ògiri ní ìpele-ìpele. Wọn kì í mọ ọ́n lẹ́ẹ̀kan náà dé òkè. Ìpele kan á gbẹ, oòrùn á pa á fún ọjọ́ mélòó kan, kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e.

Ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀. Tí wọn ò bá pò ó dáadáa, ògiri á lanu. Á sì lanu lójú gbogbo èèyàn, kí wọ́n tó gbé òrùlé lé e. Ẹ rántí aláǹgbá inú òwe: bí ògiri ò bá lanu, kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ògiri amọ̀ ni òwe yẹn ń sọ. Ògiri tó lè lanu ni.

Àwọn tó ń mọ ọ́n ńkọ́? Ọ̀wẹ̀ ni. Àna yín, ẹgbẹ́ yín, ọmọ ilé yín. Bí ẹnì kan bá pò ó ní pòkúpò, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á rí i, á sì pariwo. Kò sẹ́ni tó nílò ìwé, nítorí ìdánwò wà nínú iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ní àwọn àgbà ò ní ìlànà, torí pé wọn ò kọ ọ́ sílẹ̀, kò mọ ohun tó ń sọ. Ojú àti ẹsẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí.

Ogun wá dé. Ìjàyè àti Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í jà ní 1860, Kúrunmí kú ní 1861, ìlú sì fọ́ ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta 1862. Àwọn ará Ìjàyè fọ́n ká, ọ̀pọ̀ sá lọ sí Abẹ́òkúta.

Ní àwọn ọdún yẹn gan-an, tí wọ́n ń jà ní Ìjàyè, ní London wọ́n ń gbẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni ìtàn wa ń lọ báyìí, torí ibẹ̀ ni ohun tí wọ́n fi ń kọ́lé ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwà rẹ̀ pamọ́ fún ojú.

Ìgbà ooru 1858. Odò Thames rùn débi pé wọ́n ń rẹ aṣọ fèrèsé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin sínú oògùn kí àwọn ọ̀gá lè mí. Ìgbẹ́ gbogbo ìlú ló ń ṣàn sínú odò yẹn, inú rẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń rí omi mu. Kọ́lẹ́rà ti pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún. (Mẹ̀kúnnù ti ń kú tipẹ́tipẹ́ o. Ìgbà tí òórùn wọ imú àwọn aṣòfin ni owó tó jáde. Ẹ jẹ́ n dákẹ́.)

Wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún ẹnjiníà Joseph Bazalgette: kó ṣe gọ́tà abẹ́ ilẹ̀ fún odindi ìlú. Portland cement ni wọ́n fẹ́ fi ṣe é. Joseph Aspdin ló gba ìwé ẹ̀tọ́ orúkọ yẹn ní Leeds ní 1824, àmọ́ títí di àkókò yìí, ọ̀pọ̀ ẹnjiníà ò tíì fọkàn tán an.

Wọn ò sì jẹ̀bi. Sìmẹ́ńtì, ẹfun àti amọ̀ ni wọ́n sun pọ̀ nínú iná ńlá, tí wọ́n wá lọ̀ kúnná. Tí iná bá kéré, tàbí tí wọn ò bá pò ó bó ṣe yẹ, ohun tó máa jáde ṣì máa rí bíi sìmẹ́ńtì. Àwọ̀ kan náà, ìkúnná kan náà. Ẹ ò ní mọ̀ títí ẹ ó fi kọ́lé tán. Tí gọ́tà abẹ́ ilẹ̀ bá wá wó, ta ló fẹ́ wọ inú ìgbẹ́ London lọ wò ó?

Ọ̀kan lára àwọn ẹnjiníà tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ Bazalgette ló rí ọ̀nà àbáyọ. John Grant lorúkọ rẹ̀. Mi ò mọ ìdí tí wọn kì í fi í kọ́ wa nípa bàbá yìí nílé ìwé.

Láti 1859, Grant kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn àwọn tó ń ta sìmẹ́ńtì fún wọn pé: òṣùwọ̀n bushel kan gbọ́dọ̀ tẹ̀wọ̀n tó pọ́n-ùn 110. Ìyẹn bíi kílò 50, iye tí àpò sìmẹ́ńtì tiwa wọ̀n lónìí. Lẹ́yìn náà, ẹ fi omi po sìmẹ́ńtì náà, ẹ dà á sínú fọ́ọ̀mù, kí ibi tó tínrín jù jẹ́ íńṣì kan ààbọ̀ níbùú, íńṣì kan ààbọ̀ ní nínípọn. Ẹ rì í sínú omi fún ọjọ́ méje. Lẹ́yìn ọjọ́ méje, ẹ fi ẹ̀rọ fà á. Tó bá já kó tó gba pọ́n-ùn 400, ẹ máa gbé sìmẹ́ńtì yín lọ.

Ó parí. Kò sí "ẹ gbà mí gbọ́," kò sí "ojúlùmọ̀ ni wá." Ìwọ̀n kan, ọjọ́ méje, nọ́ńbà kan.

Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdánwò ni wọ́n ṣe. Ní 1865, Grant ka àbájáde rẹ̀ fún ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà ní London. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé àwọn tó ń ṣe sìmẹ́ńtì kò sá lọ. Iṣẹ́ wọn tún dára sí i ni, torí wọ́n ti wá mọ ohun tí wọ́n máa fi díwọ̀n wọn, débi pé wọ́n gbé 400 yẹn lọ sí 500. Ní 1904, ìlànà sìmẹ́ńtì di ti gbogbo ilẹ̀ Bìrìtìkó. Àwọn gọ́tà Bazalgette ṣì ń ṣiṣẹ́ lónìí.

Ohun tí Grant ṣe fún sìmẹ́ńtì ni pé ó fún un lẹ́nu. Ògiri amọ̀ ní ẹnu tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Sìmẹ́ńtì kò ní.

Ẹnì kan lè ní ṣebí òfin ilé kíkọ́ ti wà tipẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni. Òfin Hammurabi ti Bábílónì, tó ti tó ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́ta àtààbọ̀ ó lé, sọ pé bí ilé bá wó pa onílé, kí wọ́n pa ẹni tó kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: òfin yẹn ò sọ ohun tí bíríkìlà máa ṣe kí ilé má baà wó. Ó kàn ń dúró de òkú ni.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sílé.

Ọkọ̀ ojú omi ló kọ́kọ́ ń gbé sìmẹ́ńtì wá fún wa. Ilé iṣẹ́ Nkalagu bẹ̀rẹ̀ ní 1957, ti Ewékorò bẹ̀rẹ̀ ní 1960. Níbi iṣẹ́ ńláńlá, ìwé bá sìmẹ́ńtì dé. Ẹ wo Cocoa House ní Dùgbẹ̀, alájà 26, tí wọ́n ṣí ní 1965, tí owó kòkó àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá kọ́. Ẹ ò lè fi "ó máa dáa" kọ́ alájà 26. Ní 1985 iná jó o burúkú, àmọ́ ilé ò wó. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n ṣí i padà ní 1992.

Ní abúlé àti àwọn ìlú kéékèèké, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Sìmẹ́ńtì dé, páànù dé, bílọ́ọ̀kù dé, gbogbo èèyàn sì fẹ́ jáde kúrò nínú ilé amọ̀. Ta ni ò fẹ́? Ìwé tí Grant kọ ni ò bá wọn wá. A gba ohun tí kò lẹ́nu, a sì ń fi ojú wò ó bíi pé amọ̀ ni.

Kì í ṣe pé ìwé ò sí ní Nàìjíríà o. Òfin tó dá àjọ SON sílẹ̀ ti wà láti 1971. Ìlànà tiwọn fún bílọ́ọ̀kù wà, NIS 87 lorúkọ rẹ̀. National Building Code náà jáde ní 2006.

Ẹ jẹ́ n tú NIS 87 fún yín, torí òun ló kan ẹni tó ń kọ́lé sí Ìjàyè jù. Ó ní sìmẹ́ńtì ìwọ̀n kan sí yanrìn ìwọ̀n mẹ́jọ, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní bílọ́ọ̀kù tó máa ru ẹrù, kò gbọdọ̀ sí ẹyọ kan tí agbára rẹ̀ kéré sí 2.5 N/mm².

Ẹ má sá lọ! Mo ti bá yín ṣe ìṣirò rẹ̀. Ẹ mú bílọ́ọ̀kù onínáìnì-íńṣì kan ṣoṣo. Ẹ gbé àpò sìmẹ́ńtì lé e lórí. Ẹ gbé òmíràn lé e. Ẹ máa gbé e lọ títí ẹ ó fi dé àpò 500. Kò gbọdọ̀ tíì fọ́. Ohun tí 2.5 yẹn túmọ̀ sí nìyẹn.

Mo mọ̀ pé ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo wa la ti rí bílọ́ọ̀kù tó jábọ́ láti orí wílíbárò, tó di yanrìn. Àwọn olùkọ́ yunifásítì wa ti ra bílọ́ọ̀kù lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe é tà ní oríṣiríṣi ìlú, wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ fọ́, ọ̀pọ̀ ni kò dé 2.5. Àwọn míì ò dé 1.

Mo bi oníbílọ́ọ̀kù kan lápá ibẹ̀ yẹn pé, "Ẹ̀gbọ́n, wílíbárò yanrìn mélòó lẹ ń pò mọ́ àpò kan?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Àǹtí mi, ó kù sọ́wọ́ iye tẹ́ ẹ fẹ́ ná."

Ẹ má bú u. Òótọ́ ló sọ fún mi. Ẹni tó bá wá pẹ̀lú owó táṣẹ́rẹ́, ó ní bílọ́ọ̀kù táṣẹ́rẹ́ fún un. Tí a ò bá kọ ohun tí a fẹ́ sílẹ̀, owó nìkan ló máa sọ bí ilé ṣe máa le tó. Àwọn oníbàárà rẹ̀ kì í béèrè ju "èló ni?" lọ. Kò sí ẹni tó béèrè ìwọ̀n rí, àbí kí ló fẹ́ kà fún wọn?

Ìdí nìyí tí mi ò fi fara mọ́ àwọn tó ń sọ pé ojúkòkòrò nìkan ló ń wó ilé ní Nàìjíríà. Ojúkòkòrò wà ní London náà ní 1859. Ohun tó yàtọ̀ ni pé Grant lè mú olójúkòkòrò. Ó ní nọ́ńbà tó lè nà sí i. Onílé Ìjàyè tí ògiri rẹ̀ sán, kí ló fẹ́ nà sí bíríkìlà? Bíríkìlà á ní ilẹ̀ ló rọ̀. Onílé á ní bílọ́ọ̀kù ni. Oníbílọ́ọ̀kù á ní omi ni wọn ò bu sí i. Àwọn àgbà àdúgbò á bá wọn parí ẹ̀, ògiri á ṣì wà ní sísán.

Ní 2014, ìjọba gbìyànjú láti fún àpò sìmẹ́ńtì lẹ́nu. SON ní sìmẹ́ńtì 32.5, rírẹ́ ògiri nìkan ni kí ẹ máa fi ṣe. 42.5 lẹ máa fi ṣe òpó, bíìmù, dẹ́kíìn àti bílọ́ọ̀kù. 52.5 wà fún afárá. Nọ́ńbà yẹn, agbára tó yẹ kí sìmẹ́ńtì ti ní lẹ́yìn ọjọ́ 28 ni, nígbà tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́.

Ariwo sọ! Àwọn ilé iṣẹ́ kọjú ìjà síra wọn. Àwọn kan ní ìjà ọjà lásán ni, pé ẹni tó ti ń ṣe 42.5 tẹ́lẹ̀ ló máa jèrè. Ọ̀rọ̀ dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ó dé kóòtù. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ ọjà wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín gbogbo ariwo yẹn, bíríkìlà tó wà lábúlé, ta ló wá sọ fún un lédè rẹ̀ pé nọ́ńbà wà lára àpò, àti ohun tó túmọ̀ sí?

Kí ẹnikẹ́ni má wá rò pé ọ̀rọ̀ abúlé nìkan ni, ẹ jẹ́ ká lọ sí Ìkòyí, níbi tí owó pọ̀ sí.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 2021. Ilé alájà 21 tí wọ́n ṣì ń kọ́ lọ́wọ́ ní Gerrard Road wó lulẹ̀. Ó lé ní èèyàn 40 tó kú. Òṣìṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ wọn, àwọn tó jáde nílé láàárọ̀ láti lọ wá oúnjẹ òòjọ́. Fẹ́mi Ọ̀ṣìbọ̀nà, ọ̀gá ilé iṣẹ́ tó ń kọ́ ilé náà, wà nínú rẹ̀, òun náà kú.

Lẹ́yìn tí ilé wó, lẹ́tà kan jáde sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo rò pé ọ̀pọ̀ yín rí i. Prowess Engineering, àwọn ẹnjiníà tó wà nídìí iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀, ló kọ ọ́ ní oṣù kejì 2020, nígbà tí wọ́n yọwọ́. Wọ́n ní ojú tí àwọn fi ń wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ àti ojú tí onílé fi ń wò ó kò bára mu mọ́. Wọ́n ní lórí ilé kẹta, àwọn lè dúró fún ibi tí àwọn bójú tó, dé àjà kẹrin, bí kọnkéré bá dé agbára tí àwọn kọ sílẹ̀, bí wọ́n bá sì kọ́ ọ bó ṣe wà nínú pílánù àwọn.

Ẹ wo "bí" yẹn. Mo máa ń padà sórí rẹ̀. Ìwé wà. Nọ́ńbà wà. Ẹnjiníà ti kọ ọ́, ó sì buwọ́ lù ú. Àmọ́ ẹni tó kọ ọ́ ti kúrò nídìí iṣẹ́, iṣẹ́ sì ń lọ sókè láti orí "bí" dé àjà 21. Nígbà ti Grant, ìwé ò wà nínú fáìlì ní ọ́fíìsì. Ẹni tó ń fa sìmẹ́ńtì já wà níbi iṣẹ́. Ìwé tí kò sí ẹni tó ń yẹ ohun tó sọ wò, bébà ni.

DM ti ń wọlé: "Àǹtí, èmi tí mò ń kọ́ yàrá mẹ́ta sí Ìjàyè, ṣé mo fẹ́ lọ gba Bazalgette ni?"

Rárá o. Ojú ìwé kan tó. Ẹ kọ ọ́ lédè tí ẹ̀yin àti bíríkìlà jọ gbọ́, Yorùbá dáa púpọ̀. Ẹ kọ sìmẹ́ńtì tẹ́ ẹ máa lò fún òpó àti dẹ́kíìn, kẹ́ ẹ kọ 42.5 gan-an, ẹ má kọ "sìmẹ́ńtì tó dáa." Ẹ kọ yanrìn ìwọ̀n mélòó sí sìmẹ́ńtì ìwọ̀n kan, ẹ sì kọ ohun tẹ́ ẹ máa fi wọ̀n ọ́n, torí wílíbárò tó kún gọbọi àti èyí tí wọ́n rẹ́ lójú kì í ṣe ẹgbẹ́. Ẹ kọ iye mìlímítà tí irin òpó gbọ́dọ̀ jẹ́. Ẹ kọ ọjọ́ mélòó ni wọ́n máa fi bu omi sí bílọ́ọ̀kù. Ẹ kọ ẹni tó máa san owó bí ẹ bá gbé bílọ́ọ̀kù mẹ́ta lọ fún ìdánwò tí kò sì yege. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga tó ní ẹ̀ka civil engineering máa ń ní ẹ̀rọ tó ń tẹ̀ ẹ́ fọ́, Ìbàdàn ò sì jìnnà sí yín. Tí ẹ bá ń kọ́ alájà, ẹnjiníà gidi ni kó kọ ìwé náà o, ìyẹn ti kọjá èmi àti ẹ̀yin.

Ẹ jọ buwọ́ lù ú kí owó tó jáde lápò yín. Bíríkìlà tó mọṣẹ́ kì í bínú sí i. Ọ̀kan tiẹ̀ sọ fún mi pé ó ń gba òun lọ́wọ́ àwọn onílé tó ń ní kí òun fi àpò mẹ́rin ṣe iṣẹ́ àpò meje, tí wọ́n á tún wá pe òun lólè.

Lára àpò sìmẹ́ńtì tó wà ní ṣọ́ọ̀bù tó súnmọ́ yín, nọ́ńbà wà níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ 50kg. Lọ́la, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ fi sábẹ́ thread yìí, ẹ kọ orúkọ ìlú yín. Ẹ sì bi ẹni tó ń tà á bóyá ó mọ ohun tó túmọ̀ sí. Mo ti bẹ̀rẹ̀ ná: Moníyà, láàárọ̀ òní, 42.5. Màmá tó ń tà á ní owó rẹ̀ ni òun rò pé ó jẹ́.